Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Pọ́ǹpù Epo Lára Volkswagen Ìjàpá

Lára Volkswagen Ìjàpá tó ń lo kabúrétọ̀ (ohun tó ń da epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì), iná bátìrì kọ́ ló ń gbé epo láti inú táǹkì iwájú wá bá ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn; ẹ́ńjìnnì ló ń fa epo fún ara rẹ̀. Irin tó ń yí disitiribútọ̀, ìyẹn ohun tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì, ń ti ọ̀pá kékeré kan lábẹ́ pọ́ǹpù sókè, ọ̀pá náà ń mú kí rọ́bà pẹlẹbẹ inú pọ́ǹpù fa epo wọlé, sípíríǹgì á sì ti rọ́bà náà padà kí epo lè kọjá sí kabúrétọ̀. Bí kabúrétọ̀ bá kún, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ á dí ẹnu ọ̀nà.

Bí rọ́bà yìí bá ya, bẹntiróòlù lè máa kán sínú ọ́ìlì láìsí pé ẹnikẹ́ni rí i nílẹ̀. Kí a fa ọ̀pá tí a fi ń wo ọ́ìlì yọ, kí a sì gbóòórùn rẹ̀: bí ó bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, ọ́ìlì náà gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú pọ́ǹpù, nítorí ó ti ṣàn ju ohun tó lè dáàbò bo irin lọ.

Ẹ́ńjìnnì tó ti tutù ni a ń ṣiṣẹ́ yìí lára rẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti tú orí bátìrì. Ní kété tí hóòsì táǹkì bá ti jáde ni kí a fi bóòtù kékeré dí i. Nọ́ọ̀tì méjì tó ń gba spánà 13 ló di pọ́ǹpù mú.

Ìjókòó dúdú tó wà lábẹ́ pọ́ǹpù, àti gásíkẹ̀tì rẹ̀ (ìtẹ́lẹ̀ pẹlẹbẹ tó ń dí àlàfo), ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́. Kí pọ́ǹpù tuntun tó wọlé, a óò fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì títí ọ̀pá yóò fi dé òkè pátápátá, a óò sì wọn bí ó ṣe yọ sókè lórí ìjókòó náà tó: mìlímítà 13 ló yẹ kó jẹ́. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, epo á borí abẹ́rẹ́, kabúrétọ̀ á sì kún àkúnya. Gásíkẹ̀tì kan sí i ló ń tún un ṣe. Ọ̀pá oríṣi méjì ló sì wà, ti mìlímítà 108 àti ti mìlímítà 100 tó bá pọ́ǹpù àwọn Ìjàpá ìgbẹ̀yìn mu, nítorí náà ẹni tó ra pọ́ǹpù láìwo ọ̀pá ń wá wàhálà.

Lẹ́yìn èyí, a óò kó gírísì sí ìdí pọ́ǹpù, a óò sì máa fún nọ́ọ̀tì méjèèjì ní díẹ̀díẹ̀, nítorí ìjókòó yẹn lè là. Ẹ́ńjìnnì lè má tètè jí, torí kabúrétọ̀ ti gbẹ. Bí ó bá ti jí, tí ojú hóòsì sì gbẹ táútáú lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, a lè pa ìdérí ẹ̀yìn dé.