Géèmù orin àti ìlù gidi ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Géèmù orin ni irú géèmù orí ẹ̀rọ tí orin ń darí. Àmì á máa rọ́ wá lójú tẹlifíṣọ̀n tàbí lójú fóònù, ẹni tó ń gbá a á sì tẹ bọ́tìnnì, á lu awọ oníke tàbí kó fi ẹsẹ̀ tẹ pátákó ní àkókò gan-an tí àmì náà bá dé ojú ìlà. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ní ìlà-oòrùn Ìpínlẹ̀ Ògùn, géèmù yìí bá àṣà ìlù nílẹ̀, láti orí gángan òde àríyá títí dé orí àgbá inú ilédì, ilé ìpàdé Òṣùgbó, ẹgbẹ́ àwọn àgbà ìlú. Ìyàtọ̀ tó tóbi jù láàárín méjèèjì ni pé àkókò ni géèmù ń wò, ṣùgbọ́n ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ń wo àkókò àti ohùn pọ̀, inú ohùn yìí sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Bí géèmù orin ṣe bẹ̀rẹ̀

Ilẹ̀ Japan ni géèmù orin ti kọ́kọ́ gbilẹ̀. PaRappa the Rapper, tí Masaya Matsuura àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀, NanaOn-Sha, ṣe fún PlayStation, jáde ní 1996. Konami gbé beatmania jáde ní 1997, ó sì fi Dance Dance Revolution, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá, tẹ̀lé e ní 1998. Kí ọdún 1999 tó parí, ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ti ní géèmù gìtá àti géèmù ìlù.

Taiko no Tatsujin, tí Namco mú jáde ní 2001, ló yẹ kí ará ilé onílù fara balẹ̀ wò jù. Ìlù taiko ti ilẹ̀ Japan ni wọ́n fi ṣe é: ìlù ńlá kan wà níwájú, ọ̀pá méjì wà lọ́wọ́. Bí àmì pupa bá dé, àárín awọ ni kí o lù. Bí búlúù bá dé, etí ìlù ni. Ìró méjì péré ló wà níbẹ̀, ibi tí ọ̀pá bà ló sì ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo géèmù orin tó gbajúmọ̀, òun ló súnmọ́ ìlù lílù gidi jù, torí apá ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe orí ìka.

Ní Amẹ́ríkà, Alex Rigopulos àti Eran Egozy dá Harmonix sílẹ̀ ní 1995. Àwọn ló ṣe Guitar Hero, tí RedOctane gbé jáde ní 2005. Gìtá oníke ni wọ́n ń fi gbá a. Bọ́tìnnì márùn-ún wà lọ́rùn rẹ̀, aláwọ̀ ewé, pupa, ìyeyè, búlúù àti ọsàn, igi pẹlẹbẹ kan sì wà ní ìsàlẹ̀ tí ọwọ́ kejì ń gbọ̀n dípò okùn. Harmonix tún ṣe Rock Band ní 2007, wọ́n fi ìlù awọ mẹ́rin, pẹ́dààlì ẹsẹ̀ kan àti máìkì kún un, kí ilé kan lè di ẹgbẹ́ olórin. Ọjà gìtá oníke ṣú lọ ní kíákíá: Activision, tó ti wá ni Guitar Hero nígbà náà, dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró ní 2011. Ní ọdún 2014 ni Piano Tiles, tí kò nílò ju ojú fóònù lọ, gba ọwọ́ àwọn ọmọdé káàkiri ayé. Irú ti orí fóònù yìí ló rọrùn jù láti rí ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù, torí kò béèrè tẹlifíṣọ̀n, kò béèrè jẹnẹrétọ̀. Ní àwọn ilé géèmù tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń sanwó gbá, bọ́ọ̀lù ló gba ipò iwájú.

Ìlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Kì í ṣe gbogbo ìlù ni ìlù eré. Àgbá jẹ́ ti Òṣùgbó, inú ilédì ló ń gbé, àwọn tí ó tọ́ sí ló sì ń lù ú. Gbẹ̀du jẹ́ ìlù ọba. Kò sí ohun tí irú ìlù bẹ́ẹ̀ fẹ́ bá géèmù pọ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa wá bí yóò ṣe sọ wọ́n di bọ́tìnnì.

Ẹbí dùndún ni ìjíròrò yìí kàn jù: ìyá ìlù tó ní ṣaworo létí, gángan tí wọ́n ń há sábẹ́ apá, kẹríkẹrì, ìṣaájú, àti gúdúgúdú tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn tí wọ́n sì ń fi bílálà méjì lù. Igi ọ̀mọ̀ tàbí àpá ni wọ́n ń gbẹ́, awọ ewúrẹ́ ni wọ́n ń fi bo ojú rẹ̀ méjèèjì (gúdúgúdú nìkan ló ní ojú kan), ọsán, ìyẹn okùn awọ, sì ni wọ́n ń fi so awọ òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ọsán yìí ni gbogbo ọgbọ́n ìlù náà wà. Bí onílù bá fún un, awọ á le, ohùn á lọ sókè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀.

Ní Ojúde Ọba, tí wọ́n ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá, regbẹ́regbẹ́ kan kì í jáde síwájú Awùjalẹ̀ láìsí ìlù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìdílé Balógun kì í gun ẹṣin wọ pápá láìsí onílù. Ìjẹ̀bú-Igbó ni Haruna Ishola, ọ̀gá àpàlà tó kú ní 1983, fi ṣe ilé. Gángan, àkúbà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti agídìgbo ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò. Batile Alake, tí ó gbé orin wákà lọ sínú àwo, jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú pẹ̀lú.

Agídìgbo wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ sọ pé bọ́tìnnì márùn-ún ti kéré jù fún orin. Ahọ́n irin díẹ̀ ló wà lójú àpótí rẹ̀, ìka ni wọ́n sì fi ń ta á. Àwọn àgbà sì sọ pé bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, kì í ṣe pé ohun tí ọwọ́ ń tẹ̀ kò pọ̀ ni ìṣòro géèmù. Lára agídìgbo, ahọ́n irin tí o ta ló ké. Nínú géèmù, ẹlòmíràn ti kọ orin náà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì lásìkò, wọ́n á jẹ́ kó dún, bí o bá tàsé, apá gìtá inú orin náà á dákẹ́.

Ohùn ìlù àti máàkì géèmù

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ kúkurú kan tí gángan lè sọ lọ́jọ́ ọdún: «Kábíyèsí, ẹ kú ọdún.» Ìlù mẹ́jọ ni. Mí-mí-dò-mí ni ti àkọ́kọ́, re-mí-re-mí ni ti èkejì. Onílù á fún ọsán mọ́ra fún ìlù méjì, á jọ̀wọ́ rẹ̀ pátápátá ní ẹ̀kẹta, á tún fún un padà ní ẹ̀kẹrin. Ní apá kejì, àárín ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, kò ní dẹ̀ ẹ́ tán, kò sì ní fún un tán, lẹ́yìn náà ni yóò máa gòkè tí yóò sì máa padà. Kọ̀ǹgọ́ tó tẹ̀ kọdọrọ ń bọ́ sójú awọ ní gbogbo àkókò yìí, apá tó há ìlù mọ́ra sì ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ká ní ọmọ kan lu ìlù mẹ́jọ yìí sí àkókò rẹ̀ gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n tí kò fún ọsán rárá. Géèmù ìlù yóò fún un ní máàkì tó pé. Àwọn tó dúró ní pápá kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Orí ibí yìí gan-an ni ọ̀nà géèmù àti ti ìlù ti pínyà.

Guitar Hero ní irin kékeré kan tí wọ́n ń tẹ̀ láti mú kí ohùn tó ń fà gùn máa yí. Òun ló súnmọ́ ọsán jù nínú gìtá oníke, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fọwọ́ kàn án láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin yóò yege orin náà. Máìkì Rock Band ni ó ń wo ohùn ní tòótọ́. Ní orin kíkọ, ohùn ẹnu ló ń gbé lé ìlà, kò ka ọ̀rọ̀ sí: ẹni tó bá fi imú kùn ún tí ohùn rẹ̀ bá bá ìlà mu yóò gba máàkì. Bí a bá wò ó dáadáa, onígángan pẹ̀lú kò ní ẹnu, ohùn nìkan ló ń gbé jáde. Ẹni tó mọ Yorùbá ló ń fi etí sọ ohùn náà di ọ̀rọ̀.

Ohun mìíràn tó ya méjèèjì ni ẹni tí a ń lù fún. Orin inú géèmù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Onílù òde àríyá ń wo ẹsẹ̀ ẹni tó ń jó. Bí ìyàwó ọlọ́jọ́ bá jáde, á yí ìlù padà, á fi oríkì ilé ọkọ rẹ̀ pè é. Bí àgbàlagbà bá bọ́ sójú agbo, á dẹ ìlù fún un. Ó gbọ́dọ̀ mọ oríkì ilé oríṣiríṣi lórí, torí oríkì tó ṣì lọ sílé ẹlòmíràn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbàgbé bọ̀rọ̀. Owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí ni máàkì tirẹ̀.

Ọ̀ràn àkókò gan-an ní ìdíwọ́ nínú géèmù. Tẹlifíṣọ̀n òde òní máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé àwòrán jáde, bí ìdá mélòó kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Èyí tó láti ba eré jẹ́. Nítorí náà ni Rock Band àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ibi tí wọ́n ti ń wọn àlàfo yìí kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí géèmù lè kọ́ni

Kò tọ́ kí a sọ pé géèmù orin kò wúlò. Ìlù oníke Rock Band ní ipele tó le béèrè pé kí ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ kan máa ṣe nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ọmọ tó ń kọ́ ìlù òyìnbó ní ṣọ́ọ̀ṣì ń làágùn lé lórí nígbà ìdánrawò nìyẹn. Nínú gbogbo ohun èlò géèmù yìí, ìlù ni ó rọrùn jù láti gbé ọgbọ́n rẹ̀ lọ sórí ti gidi. Ti gìtá oníke kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó mọ bọ́tìnnì márùn-ún dáadáa yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé gìtá olókùn mẹ́fà lé e lọ́wọ́. Nítorí èyí ni Rock Band 3, ní 2010, ṣe mú kíbọ́ọ̀dù ẹlẹ́yọ 25 wá, tí Rocksmith, tí Ubisoft gbé jáde ní 2011, sì fi okùn waya so gìtá gidi mọ́ ẹ̀rọ géèmù. Rocksmith ń gbọ́ ohùn tí okùn gìtá mú jáde, bí ọwọ́ bá ti ń mọ́ ni ó ń fi iṣẹ́ kún un.

Nínú ẹbí dùndún, ibi tí géèmù ti lè wúlò ni àwọn omele, àwọn ìlù kékeré tó ń ti ìyá ìlù lẹ́yìn. Gúdúgúdú kì í yí ohùn padà bíi gángan. Ìlù kan náà ló ń tún lù láìdúró, kí ìyá ìlù lè rí ilẹ̀ tẹ̀ sí. Àkókò ni iṣẹ́ rẹ̀. Irú ìlù kékeré báyìí ni wọ́n sì sábà máa ń kọ́kọ́ gbé fún ọmọ nílé Àyàn, kó jókòó ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó máa gbọ́, kó tó di pé wọ́n gbé ìyá ìlù kọ́ ọ léjìká. Géèmù gúdúgúdú lórí fóònù kò ní pàdánù ohun púpọ̀. Ti ìyá ìlù ló máa ṣòro. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀, oríkì, òwe, ìtàn ilé àti bí a ṣe ń ṣọ́ ojú ẹni, ẹnu àgbà ló ti ń jáde.

Ẹ̀kọ́ orin tún wà nílé ìwé gíga ní àgbègbè yìí. Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ wà lára àwọn tó ń kọ́ni.

Lẹ́yìn 2011

Epic Games ra Harmonix ní 2021, wọ́n sì gbé Fortnite Festival jáde ní Oṣù Kejìlá 2023. Gìtá àti ìlù wà nínú rẹ̀, bọ́tìnnì ni wọ́n sì fi ń gbá a nígbà tó jáde. Kò sí ìkankan nínú àwọn géèmù tí a dárúkọ lókè tó ní ọsán. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ti gángan yóò ní láti wọn nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ìgbà tí kọ̀ǹgọ́ ba awọ, àti bí apá ṣe fún ìlù mọ́ra tó ní ìṣẹ́jú-àáyá yẹn gan-an, ní ìpele mẹ́ta ó kéré tán, pẹ̀lú bó ṣe ń yọ́ láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì.