Àwo orin àkọ́kọ́ létí olùgbọ́ Èkó

Àwo orin àkọ́kọ́ ni àkójọ orin tí ọ̀dọ́ olórin kọ́kọ́ gbé jáde lórúkọ ara rẹ̀. Èyí tí olórin fúnra rẹ̀ hun ọ̀rọ̀ rẹ̀, tó sì ń ta gìtá tàbí tẹ dùùrù sí i, ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé, pẹ̀lú bí àwọn tó gbọ́ Yorùbá ní Erékùṣù Èkó, Yábàá, Súrùlérè, Múṣin àti Ìkejà ṣe ń díwọ̀n rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ wọ etí wọn kí ó tó kan ìlù. Àbùkù tí wọ́n sì máa ń tètè rí nínú iṣẹ́ ọ̀dọ́ ni pé ohùn orin ta ko ohùn ọ̀rọ̀.

Ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin

Ohùn mẹ́ta ni Yorùbá ní: ti òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀. Àwọn olùkọ́ a máa fi mí, re àti dò kọ́ ọmọ ilé-ìwé. "Ọkọ̀" jẹ́ re-dò, "ọkọ́" jẹ́ re-mí, "ọkọ" jẹ́ re-re. Bí olórin bá ń kọrin pé òun ń dúró de ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́ta, tí orin wá gòkè níbi tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀, ọkọ́ ìroko ni etí máa gbọ́. Bí orin bá tẹ́jú níbẹ̀, ó di ọkọ ìyàwó. Olùgbọ́ lè ti inú gbólóhùn mọ ohun tí olórin ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n kí ó tó tú u tán, ìlà kejì ti kọjá lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ ti ń wá, pé "ohùn ẹ̀ dùn, àmọ́ mi ò gbọ́ nǹkan tó ń sọ."

Èyí kò túmọ̀ sí pé orin gbọ́dọ̀ há sórí ohùn mẹ́ta péré. Ìrìn ohùn ni kókó. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè, orin kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá ti òkè bọ̀ sí ìsàlẹ̀, orin kò gbọdọ̀ gòkè. Bí ó ṣe fò jìnnà tó wà lọ́wọ́ olórin. Lẹ́yìn tí ó bá mí, tí gbólóhùn tuntun bẹ̀rẹ̀, ó tún lè gbéra láti ibi tó wù ú, nítorí etí olùgbọ́ ti tú ìdíwọ̀n àkọ́kọ́ ká.

Ẹsẹ kejì ni wàhálà pọ̀ sí jù. Olórin ti rí ohùn tó bá ẹsẹ kìíní mu, gìtá sì ń yí orí kọ́ọ̀dù mẹ́rin kan náà, ó wá fẹ́ da ọ̀rọ̀ tuntun sínú ohùn àtijọ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó bọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà a máa sọ ìlà náà lẹ́nu lásán nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, wọn a kọ dò-re-mí rẹ̀ sílẹ̀, wọn a wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ orin láti rí ibi tí wọ́n ti kọlura. Níbi tí ìkọlù bá wà, wọn a pààrọ̀ ọ̀rọ̀: "ilé", tó jẹ́ re-mí, lè di "ibùgbé", re-dò-mí, bí orin bá ní àyè fún sílébù mẹ́ta. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ mìíràn, orin ni wọ́n máa tẹ̀ díẹ̀. Ìdí nìyí tí lílé nínú orin Yorùbá tó dára kì í fi bára dọ́gba láti ẹsẹ dé ẹsẹ, nígbà tí ègbè, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yí padà, máa ń dúró sójú kan.

"Ń" náà ń da ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ láàmú. Sílébù ni, ó ní ohùn tirẹ̀, ó sì fẹ́ àyè tirẹ̀ nínú ìlù. "Mo ń lọ" jẹ́ re-mí-re, ìlù mẹ́ta. Olórin tó fún un ní méjì ti kọ "mo lọ": ẹni tó ṣì ń lọ ti wá di ẹni tó ti lọ. Nínú orin ìdágbére, ìtumọ̀ gbogbo orin náà ti yí padà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ní Èkó. Nígbà tí àwọn ìjọ túmọ̀ orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún 19, ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wọ́n, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ sì pàdánù ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́nu akọrin. T. K. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tó jẹ́ atẹdùùrù àgbà ní Kàtídírà Kírísítì, Marina, láti 1914 títí di 1962, wà lára àwọn tó gbìyànjú láti tún un ṣe. Ó sì tẹ ìwé kan jáde ní 1953 lórí orin Yorùbá. Fẹlá Ṣówándé, olùhun orin àti atẹdùùrù, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó jọ pé etí tí àwọn olùgbọ́ kan fi ń mú olórin òde òní jẹ́ etí tí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ti kọ́.

Àdàlù èdè

Ọ̀pọ̀ àwo orin ọ̀dọ́ ní Èkó ló ń da Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti pijin pọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò fi ohùn ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí èkejì, nítorí náà orin lè fò káàkiri lórí rẹ̀ láìba ìtumọ̀ jẹ́. Olùgbọ́ tó fetí sílẹ̀ dáadáa yóò rí i pé ohùn olórin kan náà máa ń tàn kálẹ̀ nínú ẹsẹ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì máa ń sún mọ́ ìsọ̀rọ̀ nínú ẹsẹ Yorùbá. Àwọn kan ka èyí sí àìlera. Bí èdè ṣe ń darí orin gan-an ni.

Ibi tí a ti ń gbọ́ ọ

Ìdúmọ̀tà ní Erékùṣù Èkó àti Alábà ní Ọ̀jọ́ ni ojúkò àwọn tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì àti síídì nígbà kan. Fóònù ló gba iṣẹ́ náà lónìí, ó sì ń yí ohun tí olùgbọ́ ń gbọ́ padà. Okùn tó nípọn jù lórí gìtá ń dún ní nǹkan bíi Hertz 82. Sípíkà kékeré inú fóònù kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìró tó lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ jáde. Orin tí báàsì gbé dúró á wá gbẹ, ohùn ẹnu àti okùn tín-ín-rín ló kù. Nínú dáńfó láti Òṣòdì sí CMS, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, orin tó bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́ pẹ̀lú gìtá nìkan lè má dé etí rárá fún ogún ìṣẹ́jú-àáyá. Spotify, ìkànnì tí a ti ń gbọ́ orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kì í ka orin mọ́ èyí tí a gbọ́ títí yóò fi pé ìṣẹ́jú-àáyá 30, nítorí náà àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń gbé ègbè síwájú. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwo rẹ̀ la ìdánwò yìí já gbọ́dọ̀ gbé e kúrò ní sitúdíò, kí ó gbọ́ ọ lórí fóònù, nínú íyápíìsì olówó pọ́ọ́kú àti nínú ọkọ̀, kí ó tó fọwọ́ sí i. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù níbẹ̀, ohùn ẹnu ni kí ó gbé sókè, kí ó sì dín ìró tó ń dà á mọ́lẹ̀ kù. Gbígbé gbogbo orin sókè kò wúlò púpọ̀, nítorí Spotify máa ń dá orin tó ariwo jù padà sí nǹkan bíi LUFS -14 (LUFS ni ìdíwọ̀n bí orin ṣe ń dún sókè tó).

Àpẹẹrẹ kan: Aṣa

Ìlú Paris ni wọ́n bí Bùkọ́lá Ẹlẹ́mídé, olórin tí a mọ̀ sí Aṣa, sí ní 1982, Èkó ló sì ti dàgbà, láàárín àwọn àwo orin bàbá rẹ̀. Ó kọ́ gìtá ní ilé-ẹ̀kọ́ orin Peter King. Cobhams Asuquo, aṣàgbéjáde orin, bá a ṣiṣẹ́ lórí àwo àkọ́kọ́ rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ àwo orin Naïve gbé jáde ní 2007 pẹ̀lú orin mẹ́wàá ní Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá. Ó gba ẹ̀bùn Prix Constantin ní Faransé ní 2008. Lásìkò tí bíìtì kọ̀ǹpútà pọ̀ jù lórí rédíò Èkó, gìtá rẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀, kò sì nira fún olùgbọ́ láti tẹ̀ lé e.

Orúkọ àwo náà àti ti olórin jẹ́ ọ̀kan, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ pẹ̀lú àmì abẹ́ ṣ, láìsí àmì ohùn. Àṣá, ẹyẹ nì, dò-mí, ló dúró fún. Ẹni tó bá kà á ní dò-dò ti pe àṣà.