Ṣọ́ọ̀kì iwájú alùpùpù àtijọ́: ẹ jẹ́ ká tú u wò

Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ohùn kan ti ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn láàárín àwa tí à ń gun alùpùpù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ní òun yọ ẹsẹ̀ iwájú Suzuki TS òun, èyí tó ti dàgbà ju àkọ́bí òun lọ, òun fi ti máṣíìnì tuntun kan tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà oko rọ́pò rẹ̀, àti pé ọ̀nà Ìkòyí-Ilé ti wá dà bíi kápẹ́ẹ̀tì lábẹ́ òun. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tutù tí ẹlòmíràn fi fèsì pé owó ṣòfò: kí èèyàn gé sípíríǹgì, kó da òróró ẹ̀pà sí i, ó parí. Ẹni kẹta ní ká ṣọ́ra o, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ń gba máṣíìnì tí èèyàn bá ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè ò ti jẹ́ kí n jẹun sinmi. Ó yá, ẹ gbọ́ ìdáhùn.

Kí là ń pè ní ṣọ́ọ̀kì iwájú gan-an?

Ẹsẹ̀ méjì tó di táyà iwájú mú. Páìpù dídán kan ń wọnú páìpù mìíràn tó nípọn lọ, ó sì ń jáde. Sípíríǹgì wà nínú rẹ̀, ọ́ìlì wà nínú rẹ̀, ọ̀pá kékeré oníhò kan dúró láàárín. Síìlì rọ́bà ló ń dá ọ́ìlì dúró kó má baà tú síta. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣebí sípíríǹgì ló ń gbé wa? Kí wá ni iṣẹ́ ọ́ìlì?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ díẹ̀. Sípíríǹgì ń gbé yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi sílẹ̀, ó fò sókè, ó tún ń jó. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló wà nínú ẹsẹ̀ iwájú, kòtò kan ṣoṣo á mú yín jó títí ẹ ó fi dé kòtò kejì. Ọ́ìlì ló ń sọ fún un pé ó tó.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ mú síríǹjì tí nọ́ọ̀sì fi ń gún èèyàn, ẹ fa omi sínú rẹ̀, ẹ rọra tì í. Wẹ́rẹ́ ni omi ń jáde. Ẹ wá fi gbogbo agbára tì í lẹ́ẹ̀kan náà: á dà bí ìgbà tí ẹ ń ti ògiri. Ihò yẹn ò yí padà, omi yẹn ò yí padà, ìyára yín ló yí padà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pá oníhò náà nìyẹn. Bí ìyára bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ọ́ìlì fi ń kọ̀ á di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí rèé tí ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ fi máa ń ní ìwà méjì. Ẹ tẹ bíréèkì, iwájú á dọ̀bálẹ̀ bí ẹni tó ń kí Ṣọ̀ún, torí pé ó ń lọ jẹ́jẹ́, ọ́ìlì ò sì rí ìdí tó fi yẹ kóun dá a dúró. Ẹ fi eré kọ lu òkúta, ó le gbagidi, ọrùn ọwọ́ yín ló ń gbà á.

Ṣé irọ́ wá ni ọkùnrin kápẹ́ẹ̀tì ń pa?

Rárá. Ó kàn fo ibi tí wàhálà wà ni.

Kí ló mú kí ti tuntun dára ju ti àtijọ́ lọ?

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ọ́ìlì sínú ṣọ́ọ̀kì. Láti 1935 ni BMW ti Jámánì ti fi irú rẹ̀ sí R12 àti R17 wọn. Gígùn ìrìn rẹ̀, ìyẹn bí páìpù ṣe lè wọlé jìnnà tó, àti ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà kọjá ló yí padà. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ẹsẹ̀ iwájú máṣíìnì oko kì í sábà rìn ju nǹkan bíi 180 mílímítà lọ. Ní 1973 ni Yamaha fi ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn kan ṣoṣo gba ipò kìíní lágbàáyé nínú ìdíje motocross (eré ìje alùpùpù lórí ilẹ̀ gbágungbàgun) ti 250cc, ni gbogbo ilé iṣẹ́ yòókù bá bẹ̀rẹ̀ sí í lé gígùn kiri, lẹ́yìn àti níwájú. Lónìí, ti ìdíje ń rìn tó nǹkan bíi 300 mílímítà. Inú rẹ̀ náà yàtọ̀: dípò ihò lásán, ọ́ìlì ń gba abẹ́ àwọn irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín kan tó ń tẹ̀ bí agbára bá pọ̀. Ẹ fojú inú wo ilẹ̀kùn tó ń ṣí gbayawu sí i bí èrò ṣe ń pọ̀. Nínú Suzuki TS, Yamaha DT àti Honda XL àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ wa, ojú fèrèsé kan náà ni gbogbo èrò ń gbà.

Gígé sípíríǹgì ńkọ́?

Bí ẹ bá gé sípíríǹgì, ńṣe ló ń le sí i. Kì í rọ̀. Iṣẹ́ tí gbogbo òrùka rẹ̀ ń pín ṣe tẹ́lẹ̀ ti wá di ti ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù. Iwájú á relẹ̀, á sì tún máa gbá yín nígbàáyà. Mi ò mọ ibi tí ẹni yẹn ti gbọ́ tirẹ̀, àfi tó bá jẹ́ pé sípíríǹgì bẹ́ẹ̀dì ló ń tún ṣe.

Àwọn mìíràn máa ń gé páìpù kékeré lé sípíríǹgì lórí kí wọ́n tó dé e pa. Ìyẹn ò sọ sípíríǹgì di líle, ó kàn ń gbé iwájú sókè ni. Ó wúlò bí sípíríǹgì bá ti rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ arúgbó di ọmọdé.

Òróró ẹ̀pà?

Fún dùǹdú.

Ọ́ìlì wo wá ni?

Ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n kọ 10W tàbí 15W sí lára ike rẹ̀. Bí ẹ ò bá rí i, ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń dà sí jíà ọkọ̀ ọ̀tọ́mátíìkì ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń lò, kò sì jìnnà sí 10W ní fífúyẹ́. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 40 ti ki jù: ẹ tún rántí síríǹjì, kí ẹ wá ronú pé ògì gbígbóná ló wà nínú rẹ̀. Ọ́ìlì bíréèkì ò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ rárá. Kódà bó bá kán sára ọ̀dà tí wọ́n fi kun máṣíìnì, á jẹ ẹ́.

Bó ṣe máa pọ̀ tó ṣe pàtàkì bí irú rẹ̀. Ẹ yọ sípíríǹgì, ẹ ti ẹsẹ̀ náà wọlé pátápátá, ẹ fà á sókè-sódò díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ wá fi rúlà wọn ọ̀nà láti ẹnu páìpù dé ojú ọ́ìlì. Iye tí ìwé máṣíìnì náà bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé, ẹsẹ̀ méjèèjì sì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Afẹ́fẹ́ tó kù lókè yẹn náà ń ṣe bíi sípíríǹgì. Bí ẹ bá da ọ́ìlì kún ún jù, àyè afẹ́fẹ́ á kéré, ìdí ṣọ́ọ̀kì á sì le bí àpáta.

Tèmi ti gbó gan-an. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣàpẹẹrẹ. Honda XL ni mò ń gùn lọ sóko. Bó bá ti kan gàlọ́ọ̀pù báyìí, iwájú rẹ̀ á dún kọ́-kọ́. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní síìlì ni, mo ra síìlì. Ó tún ní sípíríǹgì ni, mo ra sípíríǹgì. Kọ́-kọ́ ò lọ. Mo bá gbé e lọ bá bàbá kan nítòsí Tákìé. Bàbá ò tilẹ̀ mú sípánà. Wọ́n ti àpótí sábẹ́ ẹ́ńjìnnì títí táyà iwájú fi kúrò nílẹ̀, wọ́n ní kí n fi ìka méjì péré yí ọwọ́ máṣíìnì sọ́tùn-ún, sósì. Bó ṣe dé àárín, ó bọ́ sínú nǹkan kan, tẹ́ẹ̀, bí ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá bọ́ sójú ihò rẹ̀. Bíárìn orí ni, èyí tí ọwọ́ máṣíìnì fi ń yí nínú orí férémù. Àwọn ọta kéékèèké inú rẹ̀ ti gbẹ́ ibùsùn fún ara wọn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú ṣọ́ọ̀kì. Ohun tó jáde níbẹ̀ dà bíi gbẹ̀gìrì ọjọ́ mẹ́ta, irin lúbúlúbú sì ń dán nínú rẹ̀. Bàbá wò mí.

"Ṣé o máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ẹ?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

"Ta ló wá sọ fún ẹ pé èyí kì í gbó?"

Bí ẹ ó ṣe tò ó nìyẹn: bíárìn orí ṣáájú, lẹ́yìn náà ọ́ìlì. Kí ẹ tó da tuntun sí i, ẹ yí àwọn páìpù dídán náà lórí gíláàsì pẹlẹbẹ. Èyí tó bá ń mì lórí gíláàsì ti wọ́. Bó bá wọ́ díẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọṣẹ́ lè nà á. Bó bá ti ká, ẹ jù ú nù. Ẹ wọn gígùn sípíríǹgì mọ́ ti inú ìwé. Bí ẹ bá ti tò ó pọ̀, ẹ gùn ún, kí ẹnì kan wọn bí iwájú ṣe relẹ̀ tó nígbà tí ẹ jókòó. Kó wà láàárín ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta ìrìn rẹ̀. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, sípíríǹgì ti rọ̀ jù fún yín. Tó bá kéré sí i dáadáa, ó ti le jù.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá ṣọ́ọ̀kì tuntun, ibí yìí ni ìrìn àjò wọn máa parí sí. Tèmi parí síbẹ̀.

Síìlì mi ń jò. Ṣé ó ti kú nìyẹn?

Ó lè má tíì kú. Iyẹ̀pẹ̀ pupa ọ̀nà wa yìí máa ń há sétí rẹ̀. Ẹ gé ike tín-ín-rín láti ara ìgò, tàbí fíìmù fọ́tò ayé àtijọ́ bí ẹ bá ṣì ní, ẹ tì í bọ àárín síìlì àti páìpù, kí ẹ fi rìn ín yípo. Ìdọ̀tí á bá a jáde. Bó bá ṣì ń jò lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi èékánná wá ibi tí ìpẹtà ti gún páìpù. Bí ìpẹtà bá wà níbẹ̀, síìlì tuntun náà ò ní pẹ́.

Wọ́n ní fáàfù kan wà téèyàn lè fi sínú ti àtijọ́.

Ó wà. Race Tech ti Amẹ́ríkà ń ṣe ọ̀kan. Ó ń jókòó sórí ọ̀pá oníhò, sípíríǹgì á sì dì í mọ́lẹ̀ láti òkè. Wọ́n á lu ihò ọ̀pá náà tóbi sí i kó má baà dí ọ́ìlì lọ́wọ́ mọ́, fáàfù á wá gba iṣẹ́ ìdènà ṣe nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń wọlé. Ìwà méjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan á dínkù gidi. Ṣùgbọ́n ihò tí ẹ bá ti lù ò ṣeé dí padà, nítorí náà ẹ má ṣe lu ihò kankan kí fáàfù tó dé ọwọ́ yín.

Bí mo bá fẹ́ pààrọ̀ gbogbo ẹsẹ̀ bíi ti ọkùnrin kápẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Ẹ ò ní ra ẹsẹ̀ nìkan. Ẹ máa ra irin méjì tó di ẹsẹ̀ mú lókè, táyà, irin tó gba àárín táyà kọjá, àti bíréèkì. Bí ti tuntun bá jẹ́ dísíìkì ọlọ́ìlì, tí tiyín sì jẹ́ bíréèkì oníwáyà, ẹ ó tún ra èyí tó ń fún ọ́ìlì lórí ọwọ́. Àfi kí ọ̀pá tó gba inú orí férémù bá bíárìn yín mu ní gígùn àti ní sísanra. Bí kò bá bá a mu, tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, ló lè ṣe òmíràn, tọ́nà tó mọṣẹ́ o, torí pé ọ̀pá yẹn ló so yín mọ́ táyà.

Gígùn ni ìdẹkùn tó tún kù. Ẹsẹ̀ tó gùn jù á gbé iwájú sókè, máṣíìnì á lọ́ra láti yà, ẹsẹ̀ ìdúró rẹ̀ á sì kúrú. Èyí tó kúrú jù á mú kó máa ta gìrì lórí eré. Ó ṣeé tì sókè nínú irin tó dì í mú láti fi dín gígùn kù, ṣùgbọ́n kí ẹ tó gùn ún, ẹ yọ sípíríǹgì, ẹ ti iwájú wọlé títí dé ìdí. Ṣé táyà kan mọ́dígáàdì? Ṣé ó kan páìpù èéfín? Ẹ yí ọwọ́ dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì: ṣé ẹsẹ̀ ò lu táǹkì? Inú ọgbà ilé lẹ ti gbọ́dọ̀ mọ èyí, kì í ṣe lójú ọ̀nà Ìlọrin.

Ṣé ẹsẹ̀ Boxer ò ṣe é?

Ó rọrùn láti rí, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀dà ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ máa rẹ máṣíìnì yín sílẹ̀ ni.

Ṣé wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi lóòótọ́?

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti nọ́ńbà férémù ló wà nínú ìwé, ẹsẹ̀ iwájú ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: lára ọ̀pọ̀ máṣíìnì, orí férémù gan-an, níbi tí ọ̀pá ẹsẹ̀ gbà kọjá, ni wọ́n tẹ nọ́ńbà náà sí. Wẹ́ẹ́dà tó bá fi ẹ̀rọ ha ibẹ̀ kí iṣẹ́ rẹ̀ lè dán ti ha nọ́ńbà yín nù, kò sì sí àlàyé tẹ́ ẹ máa ṣe fún ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tó máa wọlé. Akoto náà, ẹ dé e.

Kí ni kí n bẹ̀rù lẹ́yìn tí mo bá ti ṣe é tán?

Ọ́ìlì tó bá jò dé orí dísíìkì bíréèkì. Nọ́ọ̀tì tí wọn ò fún. Ẹ gùn ún jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ tún gbogbo nọ́ọ̀tì iwájú fún nígbà tí ẹ bá padà délé. Ẹ fi ìka nu páìpù dídán náà: kí ọ́ìlì díẹ̀ wà lára rẹ̀ dára, kó máa ṣàn ò dára.

Ọkọ mi ń fi máṣíìnì rẹ̀ ru àpò iṣu méjì láti oko, ọmọ á tún wà níwájú. Ṣé ṣọ́ọ̀kì iwájú tuntun á ràn án lọ́wọ́?

Kò ní ràn án lọ́wọ́, mà. Ẹ̀yìn ni iṣu wà. Bí ẹ̀yìn ṣe ń wúwo ni iwájú ń fúyẹ́, táyà iwájú ò sì ní dilẹ̀ mú dáadáa mọ́ láti yà tàbí láti dúró, bó ti wù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dára tó. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ni kí wọ́n lọ wò, kí iṣu sì di àpò kan. Ọmọ ní tirẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí táǹkì yẹn.