Òjò, Àpáta àti Igi Ọsàn: Bí Ọsàn Ṣe Ń So Nínú Ọgbà Ilé ní Abẹ́òkúta

Ìyà díẹ̀ ló ń mú igi ọsàn tanná. Láti nǹkan bí Oṣù Kọkànlá tí òjò bá ti dáwọ́ dúró ní Abẹ́òkúta, títí di ìgbà tí àkọ́rọ̀ òjò yóò fi rọ̀ ní Oṣù Kejì tàbí Oṣù Kẹta, ilẹ̀ á gbẹ, ọyẹ́ á fẹ́, igi ọsàn kò sì ní rí omi fà bó ṣe ń fà á tẹ́lẹ̀. Kò ní yọ ewé tuntun mọ́. Á kàn dúró jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀nà. Lásìkò ìdúró yìí gan-an ni àwọn ojú tí ì bá rú di ẹ̀ka ń yí padà, tí wọ́n ń múra láti di òdòdó. Tí òjò kan bá wá rọ̀ tó rin gbòǹgbò dáadáa, kò ní ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí igi náà á fi funfun, tí òórùn dídùn rẹ̀ á gba gbogbo àgbàlá. (Ọsàn mímu ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, kì í ṣe àgbálùmọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn náà ń pè lọ́sàn.)

Èyí ló fà á tí ẹni tó ń bomi rin igi ọsàn àgbà lójoojúmọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tó rò pé òun ń kẹ́ ẹ, fi lè máa rí ewé tútù yọ̀yọ̀ láìrí èso tó jọ ọ́ lójú. Igi tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta nìkan ló nílò omi ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì jìnnà. Omi garawa kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó o. Èyí tó ti dàgbà, kí a fi í sílẹ̀ kó rí ẹ̀ẹ̀rùn.

Òdòdó tó bá yọ kọ́ ni gbogbo rẹ̀ ń dèso. Nínú 100 òdòdó, ẹyọ kan tàbí méjì péré ló sábà máa ń gbó. Àwọn yòókù á já, àwọn ọmọ ọsàn wẹ́wẹ́ tó tó èkùrọ́ náà á sì tún máa já lẹ́yìn ìyẹn, torí pé igi ń dín ẹrù rẹ̀ kù sí ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ gbé ni. Èyí tó bá dúró á lò tó oṣù méje sí mẹ́sàn-án lórí igi. Òun ló jẹ́ kí ọsàn pọ̀ lọ́jà láti nǹkan bí Oṣù Kẹwàá títí wọ inú ọyẹ́. Láàárín kan, òjò máa ń dá ní Oṣù Kẹjọ. Bí ìdáwọ́dúró yẹn bá pẹ́, tí òjò sì wá dé lójijì pẹ̀lú agbára, omi á kún inú ọsàn ju bí èèpo rẹ̀ ṣe lè fẹ̀ lọ, á sì là. Kò sí oògùn tí a lè fín sí i. Ohun tó ń dín in kù ni koríko gbígbẹ tí a tẹ́ sí abẹ́ igi, tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ pátápátá.

Nípa àwọ̀ ọsàn, ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì í mú, wọ́n rò pé èyí tí èèpo rẹ̀ kò tíì pọ́n kò tíì gbó. Òru tútù ló ń lé àwọ̀ ewéko kúrò lára èèpo ọsàn. Ní Sípéènì, níbi tí òru ti máa ń tutù nini, ọsàn á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ní Abẹ́òkúta, òru kì í tutù tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọsàn lè gbó kó dùn bí oyin, kí èèpo rẹ̀ ṣì tutù bí ewé. Ká ẹyọ kan, ká tọ́ ọ wò, òun ni òṣùwọ̀n tó dájú. Ọsàn kì í sì í dùn sí i lẹ́yìn tí a bá ti ká a, kò dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí máńgòrò. Èyí tí a bá ká ní kíkan, kíkan ló máa wà.

Orúkọ ìlú náà ti sọ bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe rí. Òkúta líle bíi ti Olúmọ ló wà nísàlẹ̀ ibi púpọ̀ ní Abẹ́òkúta. Lókè, iyanrìn àti yangí tó ń jẹ́ kí omi sá lọ kíákíá ni èèyàn ń rí. Nísàlẹ̀, àpáta lè tẹ́ bí abọ́, kó gba omi òjò dúró. Kò sí ohun tí gbòǹgbò ọsàn kórìíra tó omi tó dúró sí i lẹ́sẹ̀. Kí a tó gbìn ín, ká fi irin rọ́ọ̀dù gún ilẹ̀ wò, ká sì gbẹ́ kòtò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2, tó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ká rọ omi kún un. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, kí a wá ibòmíràn, tàbí ká kó ilẹ̀ jọ ga bí ebè ńlá, ká gbìn ín sórí rẹ̀.

Àwọn ilé tuntun ní Ọbáńtókò àti agbègbè rẹ̀ tún ní ìṣòro tiwọn: àjẹkù sìmẹ́ǹtì àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù tí àwọn bíríkìlà rì mọ́lẹ̀. Ẹfun inú sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí igi rí síńkì àti áyọ́ọ̀nù, oúnjẹ igi tó wà nínú ilẹ̀, fà, ewé ọ̀mùnú á wá pọ́n láàárín iṣan rẹ̀, iṣan nìkan ló máa tutù. A lè da ajílẹ̀ sí i títí, kò ní gbọ́, àfi tí a bá kó pàǹtí náà kúrò.

Ọsàn tí a fi kóró gbìn á lò tó ọdún méje sí mẹ́wàá kó tó so, ẹ̀gún rẹ̀ á sì gún. Nítorí náà, èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara igi mìíràn ni kí a rà. Wọ́n á gbin lẹ́mọ́ọ̀nù tó léèpo ṣákiṣàki, tàbí táńjáríìnì tí wọ́n ń pè ní Cleopatra, láti jẹ́ ìdí. Nígbà tó bá nípọn tó pẹ́ńsù, wọ́n á la èèpo rẹ̀, wọ́n á sì ki ojú kan láti ara ọsàn dídùn bọ̀ ọ́, irú Àgége 1 tàbí Valencia. Á so ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Ilé ìwádìí ọ̀gbìn èso àti ewébẹ̀ (NIHORT) tó wà ní Ìbàdàn ti pẹ́ lórí iṣẹ́ irú èyí, yunifásítì ọ̀gbìn FUNAAB sì wà ní Alábàtà nítòsí.

Ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ kò gbọdọ̀ wọlẹ̀ láé. Ohunkóhun tó bá rú jáde nísàlẹ̀ ibẹ̀, ti ìdí ni, ìyẹn lẹ́mọ́ọ̀nù tàbí táńjáríìnì, kì í ṣe ọsàn dídùn. Ká ya á kúrò nígbà tó ṣì rọ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀, á yára ju ti òkè lọ, á sì pa á. Báyìí ni igi tó ń so dídùn lánàá ṣe ń di èyí tó ń so kíkan, tí àwọn ará ilé á máa wá ẹni tó ṣe é.

Láàárín igi kan sí èkejì, ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán. Lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 60, tó sì gùn ní 120, tí ilé ti wà lórí rẹ̀, igi méjì tó rí oòrùn dáadáa sàn ju mẹ́fà tó ń fún ara wọn lọ́rùn lọ.

Gbòǹgbò tó ń jẹun fún ọsàn kò jìn rárá, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká máa fi ọkọ́ ro abẹ́ rẹ̀. Fífi ọwọ́ fa koríko dára jù. Ìgbẹ́ adìyẹ wọ́pọ̀ nílùú yìí, ṣùgbọ́n èyí tó bá tutù máa ń jó gbòǹgbò. Ká jẹ́ kó jẹrà fún oṣù méjì sí mẹ́ta, ká wá tú u ká sí abẹ́ etí ẹ̀ka nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kó má kan ara igi. Bí ajílẹ̀ tàbí koríko bá rọ̀gbà yí ìdí igi ká tó ń rin ín, èèpo ibẹ̀ á jẹrà, oje á máa sun, igi á sì kú díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Àwọn àgbà ní àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Lára ọsàn, ó ní ohun tó ń ṣe iṣẹ́ egbò: ẹyẹ á jẹ èso rẹ̀, á nu ẹnu sára ẹ̀ka, kóró tó ń lẹ̀ náà á hù níbẹ̀, á sì gún inú igi láti mu omi rẹ̀. Fífi ọwọ́ já a kò tó, torí èyí tó wà nínú á tún rú. Ẹ̀ka náà ni kí a gé, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sísàlẹ̀ ibi tó ti lẹ̀ mọ́ ọn, kó tó so èso tirẹ̀.

Ní ti kòkòrò, èyí tó máa ń jẹ ewé igi kékeré tán, tó jọ ìgbẹ́ ẹyẹ, ọmọ labalábá ni. Ọwọ́ la fi ń ṣà á. Eṣinṣin èso ló ń yé ẹyin sínú ọsàn tó ń gbó, ìdin á jẹ inú rẹ̀, ọsàn náà á sì já. Bí ọsàn tó já bá wà nílẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan, ìdin á bọ́ sínú ilẹ̀, á sì jáde ní eṣinṣin tuntun. Kí a máa ṣà wọ́n láràárọ̀, ká dì wọ́n sínú ọ̀rá dúdú, ká so ẹnu rẹ̀ le, ká gbé e sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan kí a tó dà á nù.