Odó wa dà nínú clip art? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àwòrán fún káàdì álífábẹ́ẹ̀tì

Ìyá mi ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Nígbà ìsinmi tó kọjá, àwa méjèèjì jókòó ti kọ̀ǹpútà ilé láti ṣe káàdì álífábẹ́ẹ̀tì fún kíláàsì rẹ̀: lẹ́tà kan, ọ̀rọ̀ kan, àwòrán kan, títí lẹ́tà 25 á fi pé. Èyí tó wà nílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá wa mu. A fún apple ni wọ́n ń kà níbẹ̀, kò sì sí gb, ẹ, ọ tàbí ṣ nínú rẹ̀. A rò pé ọ̀sán kan la ó fi parí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà wá. Àwọn ohun tí ìyá mi àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi mí láàárín ọjọ́ náà ni mo kó jọ síbí.

Ìbéèrè: Kí ni clip art gan-an? Ṣé kì í ṣe fọ́tò náà ni?

Clip art ni àwòrán kékeré tí ẹnì kan yà sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè mú un lò nínú iṣẹ́ tirẹ̀. Orúkọ yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó wọ ilé ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń ṣe ìwé ìpolówó ayé ìgbà yẹn máa ń ra ìwé ńlá tó kún fún àwòrán. Wọ́n á fi àlùmọ́gàjí gé èyí tó bá wù wọ́n, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ síbi tó yẹ, wọ́n á wá gbé e lọ fún atẹ̀wé. Gígé yẹn ni wọ́n ń pè ní "clip".

Fún ọmọ ọdún mẹ́rin, mo fẹ́ràn àwòrán yíyà ju fọ́tò lọ. Nínú fọ́tò ewúrẹ́, ògiri wà níbẹ̀, korobá wà níbẹ̀, ọmọ kò mọ èyí tí olùkọ́ ń tọ́ka sí. Nínú clip art, ewúrẹ́ nìkan ló dúró. Ọmọ sì tún lè fi kíréyọ̀n kùn ún.

Ìbéèrè: Clip art tó máa ń wà nínú Word tẹ́lẹ̀ dà? Mo rò pé kọ̀ǹpútà mi ló bàjẹ́.

Kò bàjẹ́. Microsoft ló pa ibi àkójọ clip art rẹ̀ tì ní oṣù December ọdún 2014. Láti ìgbà náà, bí ẹ bá tẹ Insert, tí ẹ tẹ Pictures, tí ẹ sì yan Online Pictures, Bing ló ń bá yín wá àwòrán káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé àwòrán àtijọ́ yẹn, Microsoft fúnra rẹ̀ ló kó o jọ fún àwọn tó ń lo Word. Èyí tí Bing ń gbé wá báyìí, olúkúlùkù ló ni tirẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó sì yẹ ọ̀rọ̀ àṣẹ rẹ̀ wò.

Ìbéèrè: Níbo wá ni kí n lọ?

Mẹ́ta ni mo máa ń kọ́kọ́ yà sí. Openclipart bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, àwọn tó ya àwòrán ibẹ̀ ti yọ̀ǹda rẹ̀ pátápátá, ẹ lè lò ó láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wikimedia Commons náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004. Ibẹ̀ ni àwòrán inú Wikipedia ń gbé, ohun ilẹ̀ wa sì pọ̀ níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Ẹ̀kẹta ni Pixabay. Freepik dára lójú púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá sanwó fún wọn, wọ́n fẹ́ kí ẹ dárúkọ wọn lára iṣẹ́ náà.

Ìbéèrè: Mo wá iṣu, ọ̀dùnkún ló gbé wá. Mo wá odó, ó gbé nǹkan kékeré kan wá bí ife. Kí ló dé?

Ìbéèrè yìí ló jẹ gbogbo ọjọ́ kejì wa. Ẹni tó ya àwòrán ló ń kọ orúkọ sí i, ohun tó wà ní ìlú tirẹ̀ ló sì mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ọ̀dùnkún aláwọ̀ ọsàn ní "yam". Torí náà, bí ẹ bá kọ "yam" nìkan, ọ̀dùnkún ni ẹ ó máa rí. Ẹ kọ "white yam" tàbí "African yam", iṣu gidi á yọjú.

Odó náà rí bẹ́ẹ̀. "Mortar" tiwọn ni èyí tí àwọn apòògùn fi ń lọ egbòogi, tí èèyàn lè gbé sórí tábìlì pẹ̀lú ọwọ́ kan. Ẹ fi "African" àti "wooden" kún un, tàbí kí ẹ kọ "pounding yam", odó tó ga dé orúnkún pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀ á jáde. Bí ẹ bá wá "broom", onígi gígùn ni ẹ ó rí, òmíràn á tiẹ̀ gbé àjẹ́ lẹ́yìn. "Palm broom" ló sún mọ́ ọwọ̀ tiwa. "Palm tree" á gbé igi àgbọn etí òkun wá. Ìlù lásán, ìyẹn "drum", á gbé ìlù òyìnbó tí wọ́n ń jókòó sáàárín rẹ̀ wá. "Talking drum" ni kí ẹ kọ.

Fún ohun ọ̀gbìn, mo rí ọ̀nà kan tí kì í tàn mí jẹ lórí Wikimedia Commons: orúkọ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi ń pe ewéko. Elaeis guineensis ni ọ̀pẹ. Dioscorea rotundata ni iṣu funfun. Ataare ni Aframomum melegueta, orógbó ni Garcinia kola. Ẹni tó bá ń ṣe ìwé ètò ìsọmọlórúkọ, kó ṣọ́ra fún obì: Cola acuminata ni obì àbàtà tó máa ń la sí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Cola nitida ni gbànja olójú méjì. Àgbà tó bá rí gbànja lójú ìwé níbi tó yẹ kí àbàtà wà á béèrè, ó sì tọ́ kó béèrè.

Fún ṣ, a lo ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. "Shekere" mú díẹ̀ wá. Nígbà tí mo kọ ọ́ bí àwọn ará Brazil ṣe ń kọ ọ́, "xequerê", àti bí àwọn ará Cuba ṣe ń kọ ọ́, "chekeré", òmíràn tún jáde. Orúkọ tí àwọn baba ńlá wọn gbé sọdá òkun ló wà lẹ́nu wọn títí di òní. Inú ìyá mi dùn débi pé ó ní kí n tẹ méjì jáde.

Ìbéèrè: Mo tẹ "Download", ohun mìíràn ló wọlé.

Lójú ìwé bẹ́ẹ̀, ìpolówó máa ń fara jọ bọ́tìnnì gidi, ó sì máa ń tóbi jù ú lọ. Ẹ kọ́kọ́ gbé ọ̀fà mọ́ọ̀sì sórí bọ́tìnnì náà láì tẹ̀ ẹ́, ẹ wo àdírẹ́sì tó bá yọ nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ibòmíràn tí ẹ kò mọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Orúkọ fáìlì àwòrán máa ń parí pẹ̀lú .png, .jpg, .svg tàbí .webp. Èyí tó bá parí pẹ̀lú .exe kì í ṣe àwòrán, ẹ má ṣí i rárá, ẹ pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Tí .webp bá kọ̀ láti wọ Word, ẹ fi Paint orí Windows 11 ṣí i, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ padà gẹ́gẹ́ bí PNG.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ń ṣe láìmọ̀. Wọ́n á wá àwòrán lórí Google, wọ́n á sì gba èyí tó wà nínú àtẹ èsì sílẹ̀ láì wọlé sí ojú ìwé tó ti wá. Àfihàn kékeré lásán nìyẹn, ojúlówó wà níbi tó ti wá.

Ìbéèrè: Ó mọ́ kedere lójú kọ̀ǹpútà, àmọ́ lórí bébà ó ṣe bàìbàì. Ṣé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń yọ mí lẹ́nu?

Èmi náà bínú sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa, mo tiẹ̀ pààrọ̀ íǹkì. Kò jẹ̀bi. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kọ àwòrán sínú kọ̀ǹpútà. Àkọ́kọ́ dà bí adé onílẹ̀kẹ̀: ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pixel ni wọ́n ń pè wọ́n. PNG àti JPG wà nínú irú èyí. Tí ẹ bá fẹ àwòrán náà lójú, ìlẹ̀kẹ̀ kò lè pọ̀ sí i, ńṣe ni ìkọ̀ọ̀kan á máa tóbi, ojú á wá bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìlẹ̀kẹ̀ dípò adé.

Ọ̀nà kejì ni SVG. Kò sí ìlẹ̀kẹ̀ nínú tirẹ̀, ìtọ́ni ló wà níbẹ̀: fa ìlà láti ibí dé ọ̀hún, tẹ̀ ẹ́ báyìí, kun inú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Kọ̀ǹpútà á tún àwòrán yà nígbàkigbà tí ẹ bá yí ìwọ̀n rẹ̀ padà, torí náà kì í ṣe bàìbàì, ìbáà kéré bí òǹtẹ̀ lẹ́tà tàbí kó tóbi bí pátákó ẹ̀bá ọ̀nà. Word 2019 àti àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń gba SVG, LibreOffice tó jẹ́ ọ̀fẹ́ náà ń gbà á.

Bó bá jẹ́ PNG nìkan lẹ rí, ẹ ṣírò rẹ̀. Ìtẹ̀wé tó dára ń fẹ́ pixel 300 fún íǹṣì kọ̀ọ̀kan. Àwòrán tó fẹ̀ ní íǹṣì 4 lórí káàdì ń fẹ́ 1200. Èyí tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 200 péré.

Ìbéèrè: Wọ́n ní àwòrán náà kò ní ẹ̀yìn, síbẹ̀ àwọn àpótí funfun àti eérú wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn àpótí yẹn ni àmì tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ pé "kò sí ohun kankan níbí". Nínú àwòrán òótọ́, wọn kì í bá a dé orí bébà. Ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń ya àpótí náà mọ́ àwòrán gan-an, tí wọ́n á sì pè é ní aláìlẹ́yìn. Ẹ gbé e sínú Word. Bí àpótí bá ṣì wà níbẹ̀, ayédèrú ni, ẹ wá òmíràn. Lórí Google, ẹ tẹ Tools, ẹ tẹ Color, kí ẹ yan Transparent. Ó ń dín wàhálà kù, kì í sì í mú un kúrò tán.

Ìbéèrè: Bí mo bá ti fi àwòrán sí Word, gbogbo ọ̀rọ̀ mi á sá kúrò níbi tí mo kọ ọ́ sí.

Torí pé Word ka àwòrán tuntun sí lẹ́tà kan tó tóbi, ó jókòó sáàárín ọ̀rọ̀ bíi lẹ́tà. Ẹ tẹ àwòrán náà, ẹ lọ sí Picture Format, ẹ tẹ Wrap Text, kí ẹ yan In Front of Text. Ẹ ó lè gbé e síbi tó wù yín. Fún káàdì, ọ̀nà mìíràn tù mí lára jù: mo ṣe tábìlì onílà 2 àti òpó 2 lójú ìwé A4, mo fi àwòrán kan sínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Nínú Table Properties, mo tẹ Options, mo yọ àmì kúrò níwájú Automatically resize to fit contents. Bẹ́ẹ̀ ni àpótí kò fi ní máa fẹ̀ fúnra rẹ̀. Igun àwòrán ni kí ẹ máa fà bí ẹ bá fẹ́ yí ìwọ̀n rẹ̀ padà. Tí ẹ bá fa ẹ̀gbẹ́, ajá á gùn bí aláǹgbá.

Ìbéèrè: Ọ̀fẹ́ ni. Ṣé mo lè tà á?

Ẹ wo orúkọ àṣẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀. CC ni ìkékúrú Creative Commons, irú àṣẹ ìlò kan. CC0: ẹ ṣe é bó ti wù yín, ẹ tà á. CC BY: ẹ lè tà á, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó yà á. Bí NC bá wà lára rẹ̀, ẹ kò gbọ́dọ̀ fi pawó. Bí ND bá wà, ẹ kò gbọ́dọ̀ pín in lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí i padà. Èyí tí kò bá ní ọ̀rọ̀ àṣẹ kankan, ẹ gbà pé ó ní olówó. Ní Nàìjíríà, Òfin Copyright ti ọdún 2022 ń dáàbò bo iṣẹ́ ayàwòrán ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì tún fi 70 ọdún kún un lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ti wá a tì. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ yà á. A wá ọwọ̀ tí okùn wé ní ìdí títí, a kò rí èyí tó wu ìyá mi. Ó mú bébà funfun, ó ya ọwọ̀ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa, ó fi máákà dúdú tẹ ìlà rẹ̀. Mo fi fóònù yà á lójú ọ̀sán kí òjìji má baà bò ó, mo gbé e sínú Inkscape, ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Nínú Path, mo yan Trace Bitmap, mo sì tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí SVG. Kò gbà wá tó wákàtí kan. Ẹ lè gbé irú rẹ̀ sórí Wikimedia Commons pẹ̀lú CC0, kí ẹ sì kọ àpèjúwe rẹ̀ ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn, lẹ́yìn náà ní Gẹ̀ẹ́sì, kí olùkọ́ tó bá wá a ní èdè méjèèjì lè bá a pàdé. Ìyá mi ti ya ọwọ̀, ó ti ya odó. Gbágùúdá ló kù, ó ní òun fẹ́ lọ hú u lóko kí òun tó yà á.