Bàtà síkì oníke líle: bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe nílé kó lè gba ẹsẹ̀

Bàtà síkì, ìyẹn bàtà tí wọ́n ń dè mọ́ pákó gígùn (síkì) tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, máa ń purọ́ béèyàn bá wọ̀ ọ́ wò nínú yàrá ní Kubwa, l'Àbújá, lóṣù kẹta. Ooru ti mú kí ẹsẹ̀ wú díẹ̀, ooru kan náà sì ti mú kí ike bàtà rọ̀ ju bó ṣe máa rí lórí yìnyín lọ. Ẹni tó bá gbé iná tàbí fáìlì sí i lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ lè máa tún ibi tí kò bàjẹ́ ṣe. Oníbàtà tó mọ irú bàtà yìí kò sì wọ́pọ̀ ní Àbújá. Nítorí náà, ẹni tó ra tòkunbọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí tó bá a pàdé nínú òkìríkà, tó fẹ́ gbé e lọ sí òkè yìnyín ní Yúróòpù tàbí sí Ski Dubai, ilé yìnyín abẹ́ òrùlé tí wọ́n ṣí ní 2005, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Bàtà méjì ni bàtà síkì, ọ̀kan wà nínú èkejì. Ìta ni ìkarahun: ike líle tí kì í fà, tí kì í sún, bíi ti ahun. Bàtà inú ni èkejì, fóòmù ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ṣeé fà yọ lódindi. Abẹ́ ẹsẹ̀ ni ìtẹ́lẹ̀ wà, ìdè irin mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sì ń fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti ìta. Líle yẹn gan-an ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ra bàtà náà. Nígbà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá fi ojúgun ti iwájú bàtà, ìkarahun ló ń gbé agbára yẹn dé orí síkì. Bó bá rọ̀ bíi sálúbàtà, ibi tó wu síkì ni yóò máa lọ. (Síkì orí ilẹ̀ títẹ́jú, irú èyí tí Samuel Ikpefan fi ṣojú Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì Beijing ní 2022, bàtà rírọ̀ ni wọ́n ń wọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ tibí kò kàn án. Àmọ́ ó kan àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi skate oníke sáré lójú títì Àbújá, torí ìkarahun àti bàtà inú ni tiwọn náà.)

Àwọn oníbàtà Kano mọ ohun tí awọ ń ṣe. Awọ ewúrẹ́ ilẹ̀ Hausa, tó máa ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láyé àtijọ́ tí àwọn òyìnbó fi ń pè é ní awọ Morocco, bí wọ́n bá fi rán bàtà, yóò gba ìrísí ẹsẹ̀ olówó rẹ̀ nígbà tó bá yá. Awọ ni bàtà síkì náà tẹ́lẹ̀, kó tó di pé Bob Lange gbé ti ike jáde ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1960. Láti ìgbà náà, ohun tí ẹsẹ̀ kò bá rí gbà lọ́wọ́ ìkarahun, fóòmù tàbí iná ló gbọ́dọ̀ bá a gbà á.

Àyẹ̀wò tó ṣáájú gbogbo àtúnṣe kò ná èèyàn ní kọ́bọ̀. Kí wọ́n fa bàtà inú yọ, kí wọ́n ti ẹsẹ̀ lásán bọ inú ìkarahun títí ọmọ ìka yóò fi kan iwájú fẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n tẹ orúnkún díẹ̀, kí wọ́n wá wo ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Bí àlàfo tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2, gígùn bàtà náà dára. Bó bá ti ń lọ sí 3, ó ti tóbi jù, kò sì sí fóòmù tó lè dí i pa. Kí ẹnikẹ́ni má sì jẹ́ kí nọ́ńbà tan òun jẹ: gígùn ẹsẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n ń kọ sára bàtà síkì, ìkarahun kan náà ni wọ́n sì sábà máa ń lò fún 26 àti 26.5. Ẹni tó san owó lé e torí ìdajì yẹn, ìtẹ́lẹ̀ tàbí fóòmù tó yàtọ̀ díẹ̀ ló rà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ gbà ni pé bàtà tó tóbi jù ló ń dunni jù. Ẹsẹ̀ á máa yọ̀ síwá-sẹ́yìn nínú rẹ̀, èékánná àtàǹpàkò á dúdú, ojúgun á máa gbá ike. Olówó bàtà á wá fa ìdè le kí ẹsẹ̀ lè dúró, ìdè á tẹ iṣan tó wà lórí ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ á kú tipiri. Á wá sọ pé bàtà náà há, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́. Bí bàtà tó tóbi ṣe ń tóbi sí i nìyẹn.

Kí ẹni tó ra tòkunbọ̀ tún wo ọjọ́ orí rẹ̀. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ irú ike yìí díẹ̀díẹ̀ láti inú. Bàtà tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá lè máa dán lójú, kó sì fọ́ bí ìkòkò lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ nínú òtútù. Èyí tó bá ti ń sán wẹ́wẹ́ nídìí ìdè, kì í ṣe ohun téèyàn ń tún ṣe.

Àtúnṣe tó rọrùn ló yẹ kó ṣáájú. Ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ló tó. Ẹni tó wọ méjì torí òtútù ń fún ẹsẹ̀ pa ni, ẹ̀jẹ̀ tí kò lọ geere ló sì ń mú ẹsẹ̀ tutù jù. Kí wọ́n gé èékánná. Kí wọ́n fi ìtẹ́lẹ̀ tó gbé kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ ró rọ́pò èyí tó bá bàtà wá, nítorí ẹsẹ̀ tó bá ń tẹ́ pẹrẹsẹ nígbàkigbà tí wọ́n bá dúró lé e máa ń gùn sí i, ó sì máa ń fẹ̀ sí i. Ìtẹ́lẹ̀ nìkan ti yanjú ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí wọn ì bá gbé dé iwájú iná.

Bí ìrora bá ṣì kù, kí wọ́n wá ojú ibẹ̀ gan-an. Tìróò wúlò níbí. Kí wọ́n fi kun egungun tó ń dunni, bóyá kókósẹ̀, bóyá ẹ̀gbẹ́ ìka kékeré, kí wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ bàtà inú, kí wọ́n dìde dúró; tìróò á fi àmì síbi tí egungun ti kan fóòmù. Bí fóòmù bá dúdú, kí wọ́n lo ẹfun. Wọn á fi pín-ìn-nì gún àmì náà já sí ìta bàtà inú, wọn á kun ibẹ̀ náà, wọn á dá a padà sínú ìkarahun, ike á wá fi ojú ibi tó ń há hàn. Ẹni tó fo ìgbésẹ̀ yìí sábà máa ń fẹ ike níbi tó fi sẹ̀ǹtímítà kan jìnnà sí egungun.

Bàtà inú ni wọ́n ń kọ́kọ́ tún ṣe, torí àṣìṣe ibẹ̀ kò wọ́n. Ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ọwọ́ fẹ́ ṣe: wọn kì í lẹ fóòmù mọ́ ojú ibi tó ń dunni, àyíká rẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí egungun lè jókòó sínú ihò àárín. Fún gìgísẹ̀ tó ń gbéra, wọ́n ń gé fóòmù bíi ìdajì òṣùpá, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ sí abẹ́ kókósẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ ní apá méjèèjì, kó lè ki gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìta bàtà inú ni gbogbo èyí ń wà, kì í ṣe inú tí awọ ẹsẹ̀ ti máa fara gbo ó. Sílípáàsì fóòmù tó ti gbó tó fún iṣẹ́ yìí. Mẹkáníìkì bàtà tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kan àpótí rẹ̀ kó-kó-kó kiri àdúgbò ní gọ́ọ̀mù, ọ̀bẹ àti ọwọ́ tó mọ́ jù ti ọ̀pọ̀ onílé lọ. Kò nílò kó mọ síkì, kí wọ́n ṣáà fi àmì hàn án.

Fóòmù bàtà inú kan wà tó máa ń rọ̀ bí wọ́n bá fi ooru kàn án, tó sì ń gba ìrísí ẹsẹ̀ bó ṣe ń tutù. Ààrò gáàsì ilé kò ṣeé fọkàn tán fún un, iná abẹ́ rẹ̀ lè jó o kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ìrẹsì ló dára jù. Wọ́n ń rọ ìrẹsì tútù, tí wọn kò sè, sínú ìbọ̀sẹ̀ òwú gígùn, kì í ṣe ti náílọ́ọ̀nù, wọ́n á so ó lẹ́nu, wọ́n á gbé e sínú maikirowéèfù ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀ títí tí ọwọ́ kò fi ní lè dì í mú, wọ́n á wá kì í bọ bàtà inú fún bíi ìṣẹ́jú 10. Kí ẹsẹ̀ tó wọlé, wọ́n á ti fi fóòmù pẹlẹbẹ bo orí ọmọ ìka kí àyè lè wà fún wọn, wọ́n á sì fi ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́ bò ó. Ẹsẹ̀ á bọ bàtà inú, bàtà inú á bọ ìkarahun, ìdè á dì fẹ́ẹ́rẹ́, pákó tín-ín-rín kan á wà lábẹ́ iwájú bàtà kí gìgísẹ̀ lè lọ sẹ́yìn pátápátá. Lẹ́yìn náà, ìdúró gbọin ni, láìyí, fún ìṣẹ́jú 10 mìíràn. Kí iná mànàmáná má lọ láàárín rẹ̀ ni àdúrà, torí jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í lè gbé maikirowéèfù.

Ìkarahun ló gbẹ̀yìn. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná ni wọ́n fi ń rọ̀ ọ́, wọ́n á máa mi ín láìdúró sójú kan, láti ọ̀kánkán, títí ike á fi gbóná débi tí ìka kò lè dúró lé e. Bí ojú rẹ̀ bá ti ń dán bí ohun tó lómi, ó ti pọ̀ jù. Ti àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Banex kò dára fún un, ẹnu rẹ̀ tóóró jù, á dá ihò sí i. Àwọn kan máa ń ti ojú ibẹ̀ bọ omi híhó, torí omi kì í gbóná kọjá ààlà rẹ̀. Ní Jos, tó ga tó bíi mítà 1,200, ìwọ̀n 96 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ni omi ti ń hó, ó sì lè má tó fún ike tó nípọn. Bí ike bá ti rọ̀, wọ́n á fi kíláàmù káfíńtà àti igi róbótó ti ibẹ̀ jáde láti inú, díẹ̀ kọjá ibi tí wọ́n ń fẹ́, torí ike máa ń rántí ìrísí rẹ̀ àtijọ́, á sì padà sẹ́yìn díẹ̀. Wọn kì í tú kíláàmù títí ike á fi tutù pátápátá. Ẹni tí kò bá ní kíláàmù lè fi sáńpépà ha inú ìkarahun, ṣùgbọ́n mìlímítà 1 tàbí 2 ni ìrètí rẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì ha kúrò kì í padà.

Etí iwájú àti etí ẹ̀yìn àtẹ́lẹ̀ bàtà ni ibi tí ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ dé. Ibẹ̀ ni ohun tó di bàtà mọ́ síkì ń gbá mú, ó sì ní òdiwọ̀n tirẹ̀, ISO 5355. Bí wọ́n bá ha á tàbí tí iná bá yí i padà, bàtà lè má já kúrò lórí síkì nígbà ìṣubú, ẹsẹ̀ ni yóò sì kán dípò rẹ̀.

Àsìkò tó dára jù láti wọ̀ ọ́ wò lẹ́yìn àtúnṣe ni òwúrọ̀ kùtù nígbà ọyẹ́, kí ẹsẹ̀ tó wú, fún bíi ìdajì wákàtí, pẹ̀lú orúnkún títẹ̀. Ìhá díẹ̀ tó bá ṣì kù lọ́jọ́ náà, kí wọ́n fi í sílẹ̀, torí fóòmù á ṣì tẹ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń lò ó, ẹsẹ̀ á sì fún díẹ̀ nínú òtútù. Kí wọ́n di ìdè rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kí wọ́n tó gbé e pamọ́, kí ẹnu rẹ̀ má baà là sílẹ̀. Inú yàrá ni kó wà, kì í ṣe búùtù ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sínú oòrùn Nyanya.