Àlọ́ Àpatì, Kì í Ṣe Àpótí

Ẹnì kan tún fi "àpótí àràmàǹdà" ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbéèrè tí àwọn tó ń kọ síríìsì máa ń jù sínú ìtàn, tí wọn kì í padà wá dáhùn, ló fẹ́ máa pè bẹ́ẹ̀. Mo mọ ibi tó ti gbé àpótí. Ní 2007, J.J. Abrams, ọ̀kan lára àwọn tó dá síríìsì tẹlifíṣọ̀n Lost sílẹ̀, sọ fún àwùjọ kan pé òun ní àpótí idán kan. Dọ́là 15 ni wọ́n ń tà á, wọ́n ní idán dọ́là 50 ló wà nínú rẹ̀, òun kò sì ṣí i rí, torí ìrètí ohun tó lè wà níbẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn; ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn. Ó dáa. Àpótí Abrams nìyẹn. Ní tiwa, bí ẹ bá pe àpótí, ti aṣọ ìyá àgbà ló máa wá sí wa lọ́kàn, tàbí èyí tí à ń fi jókòó nídìí ààrò.

Àwọn kan ní "àdììtú". Ọ̀rọ̀ ńlá ni, Olódùmarè la fi í mọ̀. Ṣùgbọ́n kí nǹkan tó di àdììtú, ẹnì kan ní láti dì í ná. Òǹkọ̀wé tí kò tíì mọ ohun tó wà nídìí ìtàn ara rẹ̀ kò di nǹkan kan, okùn ló kàn jù sílẹ̀. "Àṣírí" náà kò bá a mu: àṣírí ní ẹni tó mọ̀ ọ́n tó sì bò ó mọ́lẹ̀. Ti "místírì", ẹ jẹ́ kí n má sọ̀rọ̀.

Àlọ́ àpatì ni mo ń pè é. Gbogbo wa la mọ àlọ́ àpamọ̀ àti àlọ́ àpagbè. A ń pa ọ̀kan kí ẹ lè mọ̀ ọ́n, a ń pa èkejì kí ẹ lè gberin. Ẹ̀kẹta wọn rèé: wọ́n pa á, wọ́n sì pa á tì. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe ògbufọ̀ ní "pa" inú "pa tì" kì í ṣe "pa" inú "pa àlọ́". Mo mọ̀. Ta ló ní kí ọ̀rọ̀ tuntun má ṣeré? Ohun tó jẹ mí lógún ni pé kí orúkọ náà di ẹ̀bi ru ẹni tó yẹ. Àpótí kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, àdììtú tún ń yin òǹkọ̀wé, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá jẹ́ àpatì, ẹnì kan ló pa á tì. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó bi yín pé kí ní ń kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba, ó ti mọ̀ pé àgbàrá òjò ni kó tó la ẹnu. Bí kò bá mọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní jẹ́ kó pa òmíràn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kí ló wá burú níbẹ̀? Ẹ wo àjọ. Gbogbo ìbéèrè tí ìtàn bá bi yín, owó ojúmọ́ kan lẹ dá yẹn, ọkàn yín lẹ sì fi dá a. Alájọ fàlà sí káàdì. Oṣù pé, dípò owó, ó na káàdì tuntun sí yín. Ẹ lè gbà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ tó bá yé yín pé kò sí owó níbì kan, kì í ṣe pé ẹ ò ní dá tuntun mọ́ nìkan, gbogbo káàdì àtijọ́ ló di ìlà bírò lásán. Fíìmù wákàtí méjì lè pa àlọ́ tì kó ṣì dùn, torí owó ojúmọ́ méjì-mẹ́ta ni. Lost lo ọdún mẹ́fà, 2004 sí 2010.

Nínú ìpín karùn-ún Lost, àwọn ẹ̀dá ìtàn bíi Sawyer, Juliet àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń tukọ̀ lọ lójú òkun. Ọkọ̀ kan yọ lẹ́yìn wọn, àwọn inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn. Juliet yíjú padà, ó yìn tiẹ̀, ó sì jọ pé ó ba ẹnì kan. Ìmọ́lẹ̀ bù yẹ̀rì, àkókò gbé wọn lọ sí ìgbà mìíràn, wọ́n bá ara wọn lóru nínú ìjì òjò. Ibẹ̀ gan-an ni iná lọ nílé wa. Àbúrò mi tan fóònù, ó kọ ọ́ sẹ́yìn bíìlì iná: "Ta ló wà nínú ọkọ̀ kejì?" Síríìsì náà parí, wọn kò fi wọ́n hàn wá. Ẹnì kan gba ìbọn o! Bí ẹni náà kò bá ní orúkọ, ìbọn Juliet kò wúwo mọ́, èyí tí wọ́n bá sì yìn lẹ́yìn rẹ̀, à ń wò ó bí ẹni ń wo bàǹgà ọdún Kérésì.

Àlọ́ àpatì tún ń sọ ọlọ́gbọ́n inú ìtàn di odi. Àjèjì á jáde nínú igbó, kò ní sí ẹni tó máa fà á jókòó kó bi í pé, "Ta ni yín, kí lẹ ń ṣe níbí?" Òǹkọ̀wé kò fẹ́ kó béèrè ni. Nígbà tí àwọn tó ń ṣe Lost àti ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fẹnu kò ní 2007 pé 2010 ni ìtàn máa parí, tó ku apá 48, mo yọ̀, torí alájọ tó mọ ọjọ́ tí oṣù máa pé kò ní lè máa na káàdì mọ́. Wọ́n san díẹ̀.

Àwọn alátakò mi máa ń na síríìsì Twin Peaks sí mi lójú: ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fi dandan lé e kí wọ́n sọ ẹni tó pa Laura Palmer, ọmọbìnrin tí ikú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, wọ́n sọ ọ́ ní November 1990, nígbà tó fi máa di 1991 eré ti kógbá wọlé. Wọ́n ní ìdáhùn ló pa á. Èsì mi ni pé àlọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé gbogbo ilé lé, wọn kò sì ní òmíràn tó tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀. Alájọ tó sanwó tí kò wá oníbàárà tuntun, ṣé owó tó san ló jẹ̀bi? Ti Charles Dickens, òǹkọ̀wé ará Ìlú Ọba, tó kú ní 1870 láìparí ìtàn ìpànìyàn rẹ̀, ẹ má mú un wá síbí. Ikú ló gba kálámù lọ́wọ́ rẹ̀.

Láàárín 1929 sí 1930, I.B. Thomas ń tẹ lẹ́tà obìnrin inú ìtàn kan, Ṣẹ̀gílọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, àwọn òǹkàwé kan sì gbà pé obìnrin náà wà láàyè lóòótọ́. Orúkọ ìbòjú ni Ṣẹ̀gílọlá. Síbẹ̀ n kò ní pe ìyẹn ní àpatì, torí kò sẹ́ni tó gba àjọ lọ́wọ́ ará Èkó lórí orúkọ rẹ̀. Bí ayé rẹ̀ ṣe bàjẹ́ ni wọ́n ń dá owó fún, wọ́n sì gbà á pé.

Mo ti fèsì fún ẹni tó kọ "àpótí" sí mi. Ó ní wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.